Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá, Àgbà Òṣìkà: Ìtàn Àwọn Lọ́yà Tó Ń Gba Ẹjọ́ Tálákà Rò Lọ́fẹ̀ẹ́, láti Èkó Àtijọ́ dé Òṣòdì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n nínú kóòtù òde òní, kò tó kí adájọ́ fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹnìkejì. Ẹnìkejì náà gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́ lédè tí kóòtù ń gbọ́, lásìkò tí òfin là sílẹ̀, pẹ̀lú irú ìwé tí akọ̀wé kóòtù yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń kiri omi inú ọ̀rá lábẹ́ afárá Òṣòdì kò mọ irú ìwé wo nìyẹn. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2003, tó ka ọjà kíkiri lójú pópó léèwọ̀, sọ pé ẹni tó bá jẹ̀bi lè san 90,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Gbogbo ọjà tó wà lórí rẹ̀ lè má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri tésàn ọlọ́pàá pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ẹni tó bá ti wọ inú tésàn rí ni kí a bi bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá rí lọ́yà, lọ́pọ̀ ìgbà, lọ́yà tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ìtàn àwọn lọ́yà bẹ́ẹ̀ gùn ní Èkó, ó sì ní ìkorò nínú. Ọ̀pọ̀ ohun tí ìjọba ń pè ní ètò ìrànwọ́ fún mẹ̀kúnnù lónìí, àwọn ẹni kọ̀ọ̀kan ló kọ́kọ́ fi owó àpò ara wọn ṣe é, àwọn mìíràn sì torí rẹ̀ sùn sí àtìmọ́lé.

Òṣòdì fúnra rẹ̀ yẹ ní wíwò ná. Orúkọ Òṣòdì Tápà ni àdúgbò náà ń jẹ́, akọni ọmọ Tápà tó di ìjòyè pàtàkì l'Ékòó ní ọ̀rúndún 19, tó sì dúró gbágbáágbá ti Ọba Kòsọ́kọ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń la ojú irin láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, láàárín ọdún 1896 sí 1901, ibẹ̀ ló gbà kọjá. Lẹ́yìn náà ni títì Agége àti títì márosẹ̀ tó ti Apápá lọ sí Òwòrònṣòkí wá pàdé níbẹ̀. Ibi tí ọ̀nà bá ti pàdé ni ọjà ti ń sọ, ibẹ̀ náà ni ẹni tí kò lẹ́bí nílùú ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìsọlọ̀ ní tirẹ̀ di ìlú ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ọjà Aswani, tí wọ́n ń ná lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ṣì ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ aṣọ di òní. Èrò ọkọ̀, oníṣòwò orí ilẹ̀, òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó oṣù: àwọn tí òfin ń tètè mú nìyí, àwọn náà ni kò sì rí owó lọ́yà san.

Iṣẹ́ lọ́yà kò bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó bí iṣẹ́ àánú. Christopher Alexander Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Freetown, ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó gba ìwé-ẹ̀rí lọ́yà ní London. Ọdún 1888 ni orúkọ rẹ̀ wọ ìwé àwọn agbẹjọ́rò l'Ékòó. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin kéré púpọ̀ nígbà náà, tó fi jẹ́ pé kóòtù ń gba àwọn tó kàn mọ̀wé láyè láti bá ènìyàn rojọ́. Àwọn lọ́yà Nàìjíríà kò yé sọ títí di òní pé Sapara Williams ló ní nítorí àwọn ènìyàn rẹ̀ àti ìlọsíwájú ìlú rẹ̀ ni lọ́yà fi wà láyé. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì lọ́yà ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò etí òkun, àwọn ìdílé onílẹ̀ àti àwọn ìjòyè tó ń bá ìjọba fa ilẹ̀ baba wọn. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ tí kò sì ní ọjà kò rí ohun tó máa gbé e débẹ̀.

Ìjọba amúnisìn gan-an kò fẹ́ kí lọ́yà dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù. Lọ́dún 1914, Lugard gbé òfin kalẹ̀ tó lé lọ́yà jáde pátápátá nínú àwọn kóòtù ìgbèríko, ọdún 1933 ni wọ́n sì tó tú àwọn kóòtù náà ká. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé lọ́yà ń ná aráàlú lówó, ó sì ń dá kún ìjà. Ohun kan tí òfin fi sílẹ̀ fún tálákà ni pé bí ẹjọ́ bá lè yọrí sí ikú, kóòtù gbọ́dọ̀ yan lọ́yà fún ẹni tí kò ní. Ẹni tí wọn kò ní í yẹgi fún, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Nílé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún, nǹkan ti ń yí padà. Lọ́dún 1949, ilé aṣòfin wọn ṣe òfin pé kí ìjọba máa fi owó ìlú san lọ́yà fún ẹni tí kò lówó. Clarence Gideon, ẹlẹ́wọ̀n kan ní Florida tí wọ́n ní ó fọ́ ilé kan, fi pẹ́ńsùlù kọ̀wé láti inú túbú sí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà pé wọn kò fún òun ní lọ́yà. Lọ́dún 1963, ilé-ẹjọ́ náà dá a láre, ó sì di dandan kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pèsè lọ́yà fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn ńlá kàn tí kò lówó. Ọdún yẹn náà ni Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba Gẹ̀ẹ́sì lórí mọ́. Kò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀.

Àwọn obìnrin kò dúró de ìjọba. Lọ́dún 1964, Adúkẹ́ Alákijà àti àwọn lọ́yà obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹ̀ka FIDA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin lágbàáyé, sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹjọ́ tí wọ́n ń gbà kì í ṣe èyí tí ìwé ìròyìn ń gbé sójú ewé àkọ́kọ́: opó tí àwọn ẹbí ọkọ lé jáde kúrò nílé, ìyá tí bàbá ọmọ kò fún lówó oúnjẹ, ìyàwó tí ọkọ ń lù. Ṣùgbọ́n irú ẹjọ́ yìí gan-an ló pọ̀ jù nínú àwọn ilé oníyàrá méjìlá ní Máfolúkú àti Ìsọlọ̀, ẹ̀ka FIDA l'Ékòó sì ń gba irú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ títí di òní.

Lẹ́yìn náà ni Gàní Fáwẹ̀hìnmi dé. Ọmọ Oǹdó ni, ọdún 1938 ni wọ́n bí i, ọdún 1965 ló di lọ́yà; Anthony Village, níbi tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà, kò jìnnà sí Òṣòdì. Lọ́dún 1969, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Benue-Plateau ìgbà náà fẹ̀sùn kan ọ̀gá àgbà nínú iṣẹ́ ìjọba pé ó gba ìyàwó òun. Olùpẹ̀jọ́ kò lówó lọ́wọ́. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ní ìjọba ológun lẹ́yìn. Gàní gba ẹjọ́ náà láìgba owó, ohun tó sì rí gbà ni àtìmọ́lé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹlòmíràn ì bá ti kọ́gbọ́n, kó padà sídìí ẹjọ́ ilẹ̀ àti ìwé àdéhùn. Gàní kò kọ́ irú ọgbọ́n yẹn. Láti ọdún 1971, ó tún ń san owó ilé-ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí òbí wọn kò rí owó san.

Lọ́dún 1974, lọ́yà kan tó ń jẹ́ Chimezie Ikeazor kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ ìrànwọ́ òfin fún tálákà sílẹ̀. Wọn kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìjọba ni wọ́n sì ń ti. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìjọba ológun gbé Òfin 56 ti ọdún 1976 jáde, èyí tó bí Legal Aid Council, àjọ tó ń fún tálákà ní lọ́yà lórúkọ ìjọba àpapọ̀. Ó pẹ́ kó tó dé, ìwọ̀nba ẹjọ́ díẹ̀ ni òfin náà sì gbà wọ́n láyè láti gbà: ìpànìyàn, ìṣeniléṣe, olè jíjà, ìfipábánilòpọ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹjọ́ ẹni tí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Gàní kò torí àjọ náà sinmi. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1978, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fẹ̀hónú hàn nítorí owó tí ìjọba fi kún owó oúnjẹ àti ibùgbé wọn. Ìbọn dún, akẹ́kọ̀ọ́ kú. Gàní dìde fún àwọn tí wọ́n kó lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí. Lọ́dún 1988, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ fi í joyè agbẹjọ́rò àgbà fún àwọn mẹ̀kúnnù, oyè tí kò sí nínú ìwé òfin kankan. Ọdún 2001 ni àwọn tó ni oyè SAN gan-an tó rántí rẹ̀.

Èyí tó wúlò jù fún àwọn tó tẹ̀lé e ni ẹjọ́ Dele Giwa. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1986, àdó olóró inú àpò ìwé pa oníròyìn náà nílé rẹ̀ ní Ìkẹjà. Gàní, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti lọ́yà rẹ̀, fẹ́ pe àwọn ọ̀gá aláàbò méjì lẹ́jọ́. Ìjọba ní kò kàn án. Kò jẹ́ ẹbí olóògbé, ta ló rán an níṣẹ́? Lọ́dún 1987, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé ó kàn án, pé nínú ọ̀ràn bí irú èyí, olùṣọ́ ọmọnìkejì rẹ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí ìdájọ́ yìí tó dé, ohun tí agbẹjọ́rò ìjọba sábà máa ń fi pa lọ́yà ọ̀fẹ́ lẹ́nu mọ́ ni ìbéèrè yẹn: ta ló rán ọ níṣẹ́? Ìdájọ́ náà kò mú apani síwájú òfin títí di òní, ṣùgbọ́n ó ṣí ilẹ̀kùn tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ àwọn aláìní gbà wọlé lẹ́yìn rẹ̀.

Ọdún 1987 náà ni lọ́yà méjì, Olisa Agbakoba àti Clement Nwankwo, dá Civil Liberties Organisation sílẹ̀ l'Ékòó. Ìgbà òfin kejì ti ọdún 1984 ni, òfin tó gba ìjọba ológun láyè láti ti ènìyàn mọ́lé láìjẹ́ kí kóòtù bi í léèrè. Àwọn ènìyàn wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìkòyí àti Kirikiri tí fáìlì wọn ti sọnù, tí ọlọ́pàá tó mú wọn ti kúrò l'Ékòó, tí kò sí adájọ́ tó rántí pé wọ́n wà láyé. Àwọn lọ́yà wọ̀nyí ń lọ láti yàrá dé yàrá, wọ́n ń kọ orúkọ sílẹ̀, wọ́n ń gbé orúkọ náà lọ sí kóòtù. Lọ́dún 1991 ni wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde nínú ìwé tí wọ́n pè ní "Behind the Wall". Nínú àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri náà ni àwọn tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò ju pé ọlọ́pàá bá wọn lójú títì lálẹ́. Wándàrì ni aráàlú ń pè é: o ń rìn, o kò rí àlàyé ṣe, ó di inú ọkọ̀. Ibi tí èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀ lóru, bí i Òṣòdì, ni irú iṣẹ́ yìí ti ń rọrùn jù fún ọlọ́pàá. Lọ́dún 1989 ni ìjọba fi òfin fagi lé ẹ̀sùn náà. Bí ọlọ́pàá ṣe ń kó ènìyàn kò tán lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n lọ́yà ti ní ohun tó máa fi bá a jiyàn níwájú májísíréètì.

Nígbà tí àwọn alágbádá padà dé lọ́dún 1999, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gba iṣẹ́ náà mọ́ra ju ìpínlẹ̀ èyíkéyìí lọ. Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ni kọmíṣọ́nnà fún ètò ìdájọ́. Wọ́n dá ilé ìpẹ̀tùsíjà sílẹ̀ fún aráàlú, nítorí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́: onílé àti ayálégbé, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, lè jókòó síbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Lọ́dún 2000, wọ́n dá ọ́fíìsì agbẹjọ́rò aráàlú sílẹ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí OPD, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Lọ́dún 2007, Èkó tún ṣíwájú pẹ̀lú òfin tuntun lórí ẹjọ́ ọ̀daràn, tó sọ pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mú ìyá nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ. Iṣẹ́ gidi ni gbogbo èyí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n l'Ékòó lónìí, lọ́yà OPD ló yọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Lọ́yà tí ìjọba Èkó ń san owó oṣù fún lè bá tálákà bá onílé jà, ó lè bá a bá ọlọ́pàá jà, nítorí ti ìjọba àpapọ̀ ni ọlọ́pàá. Bí ó bá jẹ́ ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ ló wó ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ìbéèrè tí Òṣòdì béèrè lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2009, ìjọba Fáṣọlá, tí òun náà jẹ́ SAN, kó katakata wọ Òṣòdì, wọ́n sì kó àwọn ìsọ̀ ẹ̀bá títì àti ojú irin kúrò. Ọ̀pọ̀ aráàlú yìn ín, nítorí ọkọ̀ ń kọjá, àwọn jàgùdà sì sá. Àwọn tó ní ìsọ̀ níbẹ̀ kò yìn ín. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 2016, ó kan ọjà Owónífàrí lábẹ́ ìjọba Àḿbọ̀dé. Ìjọba ní ọ̀rọ̀ ààbò ni, àti pé àyè wà fún wọn ní ọjà Ìsọpàkodòwò. Àwọn oníṣòwò ní àkókò tí wọ́n fún àwọn láti kó ẹrù kò tó nǹkan. Ta ló jàre? Irú ọ̀rọ̀ tó yẹ kí adájọ́ gbọ́ látẹnu àwọn méjèèjì kí katakata tó dé nìyí.

Ìdájọ́ tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ Òṣòdì jù lọ, ibòmíràn l'Ékòó ló ti wá. Láàárín oṣù Kọkànlá ọdún 2016 sí oṣù Kẹrin ọdún 2017, wọ́n lé nǹkan bí 30,000 ènìyàn kúrò ní Òtodò Gbàmẹ̀, abúlé apẹja létí ọ̀sà ní apá Lẹ́kì. Àwọn lọ́yà àjọ Justice and Empowerment Initiatives ló bá wọn gbé ìjọba lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga. Ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù nígbà tí wọ́n lé àwọn tó kù. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 2017, Adájọ́ Adéníyì Onígbanjo dájọ́ pé lílé ènìyàn jáde láìpèsè ibi tí wọn yóò forí pamọ́ sí jẹ́ ìwà ìkà tó tako iyì ènìyàn tí ìwé òfin Nàìjíríà dá ààbò bò. Kò sí apẹja kan lára wọn tó lè dá owó irú ẹjọ́ yẹn san.

Ẹjọ́ ìmọ́tótó náà wà, èyí tó kan gbogbo Èkó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀. Òṣòdì a dá páropáro, ẹni tí wọ́n bá bá lọ́nà a di ti kóòtù alágbèéká. Lọ́yà Ebun-Olu Adegboruwa pe ìjọba lẹ́jọ́ lórúkọ ara rẹ̀, ó sì jàre ní ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2015. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tún dá obìnrin kan láre, ẹni tí wọ́n mú lọ́dún 2013 tí wọ́n sì gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀, ìjọba fòpin sí ìséde náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016. Ọ̀pọ̀ tó ń rìn fàlàlà lọ́jọ́ Sátidé lónìí kò mọ ẹni tó gba ọ̀nà náà fún wọn.

Ẹ̀ka kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí kì í hàn sójú ayé: ìrànwọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú fúnra wọn. Ẹgbẹ́ tó ń bọ́ ọmọ òrukàn tàbí tó ń gbé oúnjẹ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kò lè ṣí àkáǹtì ní báńkì lórúkọ ara rẹ̀ láìforúkọ sílẹ̀ ní CAC, kò sì lè forúkọ sílẹ̀ láìní ìwé òfin ẹgbẹ́ àti àwọn alámòójútó tí òfin mọ̀. Láti ọdún 2020 tí òfin tuntun lórí ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti dé, CAC lágbára láti dá àwọn alámòójútó ẹgbẹ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́ bí ó bá fura sí ìwà àìtọ́. Ẹgbẹ́ tí kò ní lọ́yà lè ti ibẹ̀ túká. Àwọn ọ́fíìsì lọ́yà tó ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kì í gba ìyìn níbìkankan, kò sì sí oníròyìn tó ń bẹ̀ wọ́n wò.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú jáde nítorí SARS, ọgọ́rọ̀ọ̀rún lọ́yà ló kọ nọ́ńbà fóònù wọn síta pé kí ẹni tí wọ́n bá mú pè àwọn, wọ́n sì sùn sí ẹnu tésàn títí wọ́n fi tú àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Kò sí ẹni tó san owó epo mọ́tò wọn. Irú àjọ bí i Headfort Foundation, tí lọ́yà obìnrin kan dá sílẹ̀ l'Ékòó, ń bá a lọ lọ́nà tí kò láriwo: wọ́n ń wá àwọn tálákà tí ń retí ìdájọ́ kiri ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àwọn tí ń retí ìdájọ́ yìí sì ti ju ìdajì àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà lọ láti ọjọ́ pípẹ́.

Òfin ìrànwọ́ tuntun ti ọdún 2011 sọ pé ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ ni Legal Aid Council yóò ràn lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ fàyè sílẹ̀ fún àwọn ọ̀ràn kan tó bá yàtọ̀. Owó náà jẹ́ 18,000 náírà nígbà náà. Láti ọdún 2024, ó ti di 70,000. Awakọ̀ danfó tó ń mú 80,000 wálé ní Ìlásámàjà ti ju tálákà lọ lójú ìwé nìyẹn. Òfin náà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé àjọ ìjọba kò lè dá a ṣe. Ó ní kí wọ́n máa kọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ àti ilé-ìwé òfin tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀.

Àwọn àgùnbánirọ̀ tó jẹ́ lọ́yà náà máa ń bá Legal Aid Council ṣiṣẹ́ lásìkò tí wọ́n ń sin ìlú. Òṣòdì ni ẹni tó bá ti Ìkẹjà tàbí Agége ń bọ̀ ti ń wọ ọkọ̀ Mile 2, láti ibẹ̀ ló sì ti ń wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí Kirikiri. Nínú èrò tó ń ti ara wọn níbi ọkọ̀ láàárọ̀, a máa ń rí ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ká kóòtù dúdú rẹ̀ sápá nítorí ooru, tó fi fáìlì àwọn tí kò mọ̀ rí há abíyá, tó ń bá kọ̀ńdọ́ jiyàn lórí ṣéńjì.